Bí ẹ ṣe máa yan táyà A/T fún píkọ́ọ̀pù ńlá tó ń fa tirélà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ìbéèrè kan náà ló ń tọ̀ mí wá lemọ́lemọ́ látọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi píkọ́ọ̀pù ńlá ṣiṣẹ́ lágbègbè wa: "Táyà A/T wo ni kí n rà?" (A/T ni táyà tí wọ́n ṣe fún orí ọ̀dà àti ọ̀nà oko pa pọ̀.) Àwọn tó ń gbẹ́ borehole, tí wọ́n ń fa kọ̀mpúrẹ́sọ̀ káàkiri, ń bi mí. Àwọn tó ń fa jẹnẹrétọ̀ lọ sóde àríyá ń bi mí. Àwọn tó ń kó kòkó jáde láti oko Ìdànrè náà ń bi mí. Ohun kan náà ni mo ń sọ fún gbogbo wọn: ẹ mọ ìwọ̀n ẹrù yín kẹ́ ẹ tó wo eyín táyà.

Òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe. Wọ́n á wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á rí táyà tí eyín rẹ̀ tóbi, tó dúdú, tó rí gìrìwò, wọ́n á ní èyí gan-an làwọn ń wá. Táyà yẹn lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún jíìpù tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dè é. Ọjọ́ tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, tí oòrùn ọ̀sán sì ti mú ọ̀dà gbóná lójú ọ̀nà Iléṣà, ni táyà ọ̀hún máa bẹ́. Ẹ̀mí wà nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ̀mí sì wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú.

Tirélà tí mò ń wí níbí ni èyí kékeré tí a ń so mọ́ irin ìdí píkọ́ọ̀pù. Kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù gígùn tó ń ná ọ̀nà Orè.

## Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ kẹ́ ẹ tó jáde nílé

- Fóònù tẹ́ ẹ máa fi ya fọ́tò sítíkà ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ táyà
- Gééjì afẹ́fẹ́ tiyín, èyí tó lè ka tó 100 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó)
- Tọ́ọ̀ṣì, bébà àti báírò
- Ìwé ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ, bí ó bá wà

## Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣírò ẹrù

Ibí ni iṣẹ́ wà jù. Ẹ má ṣe fò ó.

1. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kẹ́ ẹ wo sítíkà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ lẹ máa rí nọ́ńbà táyà tí ọkọ̀ bá jáde, iye psi rẹ̀, àti ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè rù, tí wọ́n máa ń kọ ní GAWR. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n tún kọ iye tí èèyàn àti ẹrù pa pọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí ó bá jẹ́ lb ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ fi 2.2 pín in, kg lẹ máa rí.

2. Bí wọ́n bá ti kun ọkọ̀ tí sítíkà sì ti lọ, ẹ wá ìwé ọkọ̀ tó bá ọdún àti ẹ́ńjìnnì tiyín mu. Ẹ má ṣe lo ti ọ̀rẹ́ yín torí pé orúkọ ọkọ̀ yín jọra. Ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, lè ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó yàtọ̀ síra.

3. Ẹ wọn tirélà pẹ̀lú ẹrù tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta àti àwọn ilé ìkẹ́rù ńlá kan ní òṣùwọ̀n tí ọkọ̀ ń gùn. Ẹ bẹ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ sanwó díẹ̀, kẹ́ ẹ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

4. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n nítòsí, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ṣírò. Ápò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kg. Ápò kòkó tí wọ́n dì fún títà sókè òkun jẹ́ 62.5 kg, 16 irú rẹ̀ ló pé tọ́ọ̀nù kan. Omi lítà kan jẹ́ kg kan, nítorí náà táǹkì omi lítà 1,000 tó kún jẹ́ tọ́ọ̀nù kan láìka táǹkì fúnra rẹ̀. Dísù tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù lítà 200 sún mọ́ 170 kg. Ẹ fi ìwọ̀n irin tirélà fúnra rẹ̀ kún un, torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé nìyẹn.

5. Ẹ ṣírò ohun tí orí tirélà ń tẹ̀ lé ìdí ọkọ̀. Ó yẹ kí ó jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tirélà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Bí ó bá kéré ju ìyẹn lọ, tirélà á máa fi sọ́tùn-ún sósì lẹ́yìn yín. Bí ó bá pọ̀ jù, ó máa gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ọwọ́ ìdarí á fúyẹ́, bíréèkì iwájú kò sì ní mú ilẹ̀ dáadáa.

6. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: èèyàn, irinṣẹ́, dísù, àti ìwọ̀n tí orí tirélà ń tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ti agbẹ́-borehole kan ṣe àpẹẹrẹ. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,000 kg, orí rẹ̀ sì tẹ 250 kg lé ìdí ọkọ̀. Òun àti ọmọ iṣẹ́ méjì jẹ́ 225 kg. Páìpù àti irinṣẹ́ jẹ́ 200 kg. Dúrọ́ọ̀mù dísù kan pẹ̀lú agolo rẹ̀ jẹ́ 190 kg. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 865 kg. Bí sítíkà bá ní 900 kg ni ọkọ̀ lè rù, 35 kg péré ló kù, kò tó ápò sìmẹ́ǹtì kan. Ẹ ò rí i pé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ló jẹ ààyè tán. Dísù àti páìpù tí kò sẹ́ni tó kà sí ló jẹ ẹ́.

Ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ yé wa níbí. Táyà tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kò ní kí ọkọ̀ ru ju ohun tí sítíkà rẹ̀ wí. Síprínǹgì, bíréèkì àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣì wà bí wọ́n ṣe wà. Táyà máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ ru iye tirẹ̀ láìséwu ni. Kò lè fi kún iye náà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti mọ GAWR ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ pín in sí méjì. Iye tí táyà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè rù nìyẹn, ó kéré tán. Bí ó bá jẹ́ 1,900 kg, 950 kg ni ti ẹyọ kan. Ní tèmi, mi ò ní rà èyí tó bá a mu géérégé. Mo máa fi bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, torí pé kòtò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Adó lè jẹ́ kí táyà kan gba ìwọ̀n tó yẹ kí méjì jọ gbà.

## Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà

Ẹ jẹ́ ká ka èyí: LT265/70R17 121/118S.

LT tó wà níwájú túmọ̀ sí pé ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ṣe é fún. 265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà. 70 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. R ni ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ́ wáyà inú rẹ̀, 17 sì ni ríìmù. 121 ni agbára rẹ̀ láti ru ẹrù nígbà tí táyà bá dá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. 118 jẹ́ ti ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jẹ́ méjì-méjì lẹ́yìn. S ni eré tó lè sá pẹ̀lú ẹrù náà, 180 km ní wákàtí.

Nọ́ńbà agbára ẹrù ni ẹ dojú kọ. Iye tí táyà kọ̀ọ̀kan lè rù nìyí:

- 110: 1,060 kg
- 112: 1,120 kg
- 115: 1,215 kg
- 118: 1,320 kg
- 120: 1,400 kg
- 121: 1,450 kg
- 123: 1,550 kg
- 125: 1,650 kg

Ibi tí wọ́n ti ń ta èèyàn nìyí: ìwọ̀n kan náà lè jẹ́ táyà oríṣi méjì. 265/70R17 tí kò ní LT níwájú sábà máa ń jẹ́ 115. LT265/70R17 tó lágbára jẹ́ 121. Lójúkojú, wọ́n jọra bí ìbejì. Èkejì fi 235 kg ju èkíní lọ lórí táyà kan ṣoṣo. Ìṣirò mìíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn: nígbà tí a bá fi táyà ọkọ̀ kékeré sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ìlànà ni pé ká fi 1.1 pín agbára rẹ̀. 1,215 kg á wá di nǹkan bí 1,104 kg. Ẹni tó ń fa tirélà kò gbọ́dọ̀ gbójú fò ó.

Ẹ tún wá lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní load range. C gba afẹ́fẹ́ dé 50 psi, òun ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní ply 6. D gbà á dé 65, ply 8 nìyẹn. E gbà á dé 80, ply 10 nìyẹn. Nọ́ńbà ply yìí kò sọ pé ìpele mẹ́wàá wà nínú rẹ̀ lóòótọ́; bí agbára rẹ̀ ṣe tó ló ń sọ. Fún píkọ́ọ̀pù ńlá tó ń fa ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lọ déédéé, E ni mo máa ń ní kí èèyàn rà. D lè tó fún ẹni tó ń fa jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ọlọ́jà bá ní "ply 10 ni, ọ̀gá", ẹ ní kó fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Bí kò bá sí lára táyà, kò sí níbẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń tẹ̀ ló máa yan eyín

Ní báyìí a lè wá sọ̀rọ̀ eyín. Ẹ bi ara yín léèrè: nínú ìrìn ọ̀sẹ̀ kan, ibo lẹ ti ń rìn jù?

Bí ó bá jẹ́ pé orí ọ̀dà lẹ ń wà ṣáá, Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, Oǹdó sí Orè, Iléṣà títí dé Ìbàdàn, tí ẹrẹ̀ kì í ṣe ju ẹnu ọ̀nà oníbàárà lọ, ẹ wá A/T tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra, tí àárín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti táyà títì. Kì í gbóná púpọ̀, kì í pariwo, ó sì ń dúró dáadáa nínú òjò. H/T, ìyẹn táyà títì, gan-an lè tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ oko ni, ìyẹn àwọn ọ̀nà oko kòkó Ìdànrè, àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Bólórúndúró, ẹ̀yìn ìlú Ọ̀dà, ẹ wá A/T tí àlàfo eyín rẹ̀ fẹ̀, pàápàá ní èjìká. Ilẹ̀ pupa wa máa ń lẹ̀ mọ́ táyà. Tí àlàfo bá há, ẹrẹ̀ á kún un, eyín á pòórá, táyà á sì máa yọ̀ bíi ti èyí tó ti jẹ tán. Àlàfo tó fẹ̀ ló ń ju ẹrẹ̀ náà dànù bí táyà ṣe ń yí.

Bí ó bá jẹ́ òkúta lẹ ń kó, tẹ́ ẹ ń wọlé wọ̀de níbi tí wọ́n ti ń fọ́ gíránáìtì, ẹ̀gbẹ́ táyà ni kẹ́ ẹ wò. Ẹnu òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ mú bí abẹ. Ẹ wá èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí wọ́n kọ iye wáyà àti aṣọ inú rẹ̀ sí, lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà SIDEWALL.

M/T ńkọ́, táyà ẹrẹ̀ gidi? Fún ẹni tó ń fa tirélà, mi ò fẹ́ ẹ. Eyín rẹ̀ ga, ó sì ń mì lábẹ́ ẹrù. Mímì yẹn ló ń mú kí ọkọ̀ máa wọ́ kiri nígbà tí tirélà bá ń tì í láti ẹ̀yìn. Ó ń gbóná lórí ọ̀dà, ó ń jẹ epo, bíréèkì rẹ̀ nínú òjò sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé inú igbó nìkan ni ọkọ̀ yín ń gbé, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ máa rí àwòrán òkè kan tó ní yìnyín nínú lára àwọn A/T kan. Àmì pé ó yege lórí yìnyín nìyẹn. Ẹ má ṣe fowó kún owó táyà nítorí rẹ̀ ní Oǹdó.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dúró sí ìwọ̀n tí ọkọ̀ bá wá

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ fẹ́ kí ọkọ̀ wọn ga. Ẹ wo ohun tó ń tẹ̀lé e. 265/70R17 ga tó nǹkan bí 803 mm. 285/70R17 ga tó 831 mm. Ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún jù ú lọ. Bí ojú ìwọ̀n eré bá ń fi 100 hàn, 103 àti ààbọ̀ lẹ ń sá. Jíà á máa wá agbára kiri nígbà tẹ́ ẹ bá ń fa tirélà gun òkè Ìdànrè, bíréèkì sì ní kẹ̀kẹ́ tó wúwo sí i láti dá dúró. Táyà lè máa ha ara fẹ́ńdà nígbà tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ dé òpin. Ẹni tó ń fa ẹrù ti ní iṣẹ́ tó, kò yẹ ká tún di òmíràn lé e.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, bó bá ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ oríṣi kan náà. Ní ti píkọ́ọ̀pù 4x4, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Táyà tí gíga wọn yàtọ̀ máa ń fa jíà inú 4x4 ya nígbà tẹ́ ẹ bá tì í wọlé lórí ilẹ̀ líle. Bí owó ò bá tó mẹ́rin, ẹ ra méjì tó jọra fún ẹsẹ̀ kan. Ẹ má ṣe da oríṣi méjì pọ̀ sí ẹsẹ̀ kan.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é

1. Ẹ wá DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ẹ fẹ́. 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2024.
2. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà mẹ́rin yìí máa ń wà nígbà mìíràn. Bẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ yí táyà padà.
3. Ẹ ka ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ti rí i tí mẹ́ta jẹ́ tuntun tí ìkẹrin sì ti dàgbà jù wọ́n lọ fíìfíì.
4. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojúpópó, FRSC, máa ń kìlọ̀ pé ọdún 4 ni ká ka táyà sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tẹ́ ẹ bá ń dúnàá-dúrà: táyà "tuntun" tó ti lo ọdún mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù kò yẹ kó gba owó táyà tuntun.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Táyà àlòkù wà lára àwọn ohun tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó wọlé, síbẹ̀ ó kún ẹ̀bá títì. Mo mọ bí owó ṣe rí lóde báyìí, mi ò sì ní bú ẹni tó ń wá ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń fa tirélà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kò sẹ́ni tó mọ irú ẹrù tó ti rù, ẹ kò sì lè fi ojú rí wáyà tó ti já nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń fi ohun dúdú pa á kó lè dán; dídán yẹn ń bo àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó fi hàn pé rọ́bà ti gbẹ.

## Bí owó ò bá tó

- Ẹ wá táyà tó ní C lẹ́yìn nọ́ńbà ríìmù, bíi 205R16C. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ṣe é fún, ó sì máa ń dínwó ju LT ńlá lọ. Ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ tó, pé ríìmù yín sì gbà á.
- Ẹ ra méjì tuntun fún ẹ̀yìn ní oṣù yìí, kẹ́ ẹ ra ti iwájú nígbà tí iṣẹ́ bá wọlé.
- Ẹ ra H/T tó lágbára dípò A/T tó rọ. Ẹ lè fi sùúrù àti 4x4 kọjá nínú ẹrẹ̀. Kò sí sùúrù tó ń dá táyà tó ń bẹ́ dúró.
- Ẹ dín ẹrù kù, kẹ́ ẹ rìn lẹ́ẹ̀mejì.

## Ìgbésẹ̀ kẹfà: lọ́dọ̀ fọkanáísà

Fọkanáísà tó mọṣẹ́ ń gba ẹ̀mí là. Ẹ dúró tì í, ẹ má ṣe lọ jẹun.

1. Ẹ ní kó pààrọ̀ ẹnu fááfù. Fááfù rọ́bà kékeré tó wọ́pọ̀ kò kọjá 65 psi. Bẹ́ ẹ bá máa fẹ́ táyà E dé 80, fááfù onírin tàbí èyí tí wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́ líle lẹ nílò. Ohun kékeré yìí ni wọ́n sábà máa ń gbójú fò, òun náà ló sì máa ń jò lóru.
2. Ẹ jẹ́ kó fọ ìpẹtà kúrò létí ríìmù kí ètè táyà tó jókòó lé e.
3. Bí ríìmù bá ti ya tàbí tí wọ́n ti jó o ní wẹ́dà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.
4. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi tọ́ọ̀bù sínú táyà tí kò nílò rẹ̀ nítorí pé ó ń jò. Ẹ wá ibi tó ti ń jò.
5. Ẹ ṣe bálánsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà ẹ ṣe àláìmẹ́ǹtì.
6. Kó máa dé nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọra, bí ẹni ń ya ìràwọ̀, nígbà tí táyà ṣì fúyẹ́ lórí jáàkì. Lẹ́yìn náà kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó wá fún un dáadáa.
7. Lẹ́yìn nǹkan bí 100 km, ẹ tún àwọn nọ́ọ̀tì yẹn fún. Wọ́n máa ń tú díẹ̀ bí ríìmù ṣe ń jókòó.

Bí ìṣó bá gún táyà lẹ́yìn náà, ojú eyín nìkan ló ṣeé dí, ihò náà kò sì gbọ́dọ̀ ju 6 mm lọ. Ẹ̀gbẹ́ àti èjìká kò ṣeé dí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun lè rán an, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.

## Ìgbésẹ̀ keje: afẹ́fẹ́

Bẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù, ẹ di èyí mú. LT tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó burú ju táyà ọkọ̀ kékeré tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé.

Ẹ wo LT265/70R17 yẹn. Nígbà tó bá wà ní 80 psi, ó lè ru 1,450 kg. Ní 50 psi, 1,120 kg ni. Táyà kan náà! Ẹni tó ra E tó sì ń fún un ní 35 psi torí pé 35 ló ti ń fún táyà àtijọ́ ti sanwó agbára tí kò lò. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré á máa tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá yí, títẹ̀ yẹn ló ń mú un gbóná, gbígbóná ló sì ń tú wáyà kúrò lára rọ́bà.

- Ẹ wọn ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, tàbí lẹ́yìn tó bá ti sinmi wákàtí mẹ́ta.
- Ẹ lo gééjì tiyín. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ẹ̀bá títì ló lè gbé táyà dé 80.
- Bí táyà tẹ́ ẹ dè bá jẹ́ irú èyí tí ọkọ̀ bá wá, iye ara sítíkà ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé. Bẹ́ ẹ bá ti bọ́ sí LT, iye náà máa lọ sókè; ẹ wo tábìlì ẹrù àti psi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ń tẹ̀ jáde.
- Iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni òpin tó lè gbà. Ẹ má ṣe kọjá rẹ̀ láé.
- Bí táyà bá gbóná lójú ọ̀nà, psi rẹ̀ á ga. Fún táyà tó wà ní 35 psi, nǹkan bí 1 psi ni fún ìwọ̀n Celsius 5 sí 6; fún èyí tó wà ní 80, nǹkan bí 1 psi ni fún ìwọ̀n 3. Ẹ má ṣe tú afẹ́fẹ́ dànù nítorí ìyẹn. Nígbà tó bá tutù, á ti kéré jù.
- Nígbà tí ẹ kò bá fa nǹkan, tí ọkọ̀ sì ṣófo, ẹ lè dín ti ẹ̀yìn kù, kó má bàa jẹ láàárín nìkan. Ẹ kọ iye méjèèjì sára bébà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ọkọ̀.

Bí ẹrẹ̀ bá mú yín, ẹ tú tirélà kúrò ná. Lẹ́yìn náà ẹ lè sọ afẹ́fẹ́ kalẹ̀ sí nǹkan bí 25 sí 30 psi, kẹ́ ẹ fi jáde jẹ́jẹ́. Ẹ tún fẹ́ ẹ padà kẹ́ ẹ tó so tirélà mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ìfẹ́táyà kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀ dára púpọ̀ fún èyí.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù

- Wọ́n ra A/T tuntun mẹ́rin fún ọkọ̀, táyà tirélà sì jẹ́ èyí tó ti gbẹ láti ìgbà tí wọ́n ti ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀.
- Sípíà jẹ́ táyà àtijọ́ tó kéré. Lọ́jọ́ tí ti ẹ̀yìn bá jò pẹ̀lú ẹrù, kò lè rù ú.
- Wọ́n ń dúró kó jẹ dé àmì inú àlàfo eyín, ìyẹn 1.6 mm. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀ níbí, 3 mm ni kẹ́ ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀.
- Wọn kì í yí ipò táyà padà. Kẹ́ ẹ ṣe é ní gbogbo 8,000 sí 10,000 km. Ti ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń fa ẹrù máa ń yára jẹ ju ti iwájú lọ.

## Táyà tirélà fúnra rẹ̀

Ẹ fi ọ̀nà kan náà yẹ̀ ẹ́ wò: nọ́ńbà ẹrù, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, afẹ́fẹ́. Tirélà kò nílò A/T. Kì í dá fa ara rẹ̀, nítorí náà eyín ńlá kò wúlò fún un. Bẹ́ ẹ bá rí ST níwájú nọ́ńbà rẹ̀, tirélà ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ kò sì yẹ kó sá kọjá nǹkan bí 105 km ní wákàtí. Ẹ má ṣe yọ ọ́ sábẹ́ píkọ́ọ̀pù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá fi táyà tuntun fa ẹrù, ẹ dúró níbi tó láàbò lẹ́yìn 20 sí 30 km. Bẹ́ ẹ bá kúrò ní Àkúrẹ́ gba ọ̀nà Iléṣà, Ìgbàrà-Òkè dára fún un. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ táyà kọ̀ọ̀kan àti họ́ọ̀bù rẹ̀, ti ọkọ̀ àti ti tirélà. Bí gbogbo wọn bá gbóná bákan náà, ẹ máa lọ. Bí ẹyọ kan bá gbóná ju èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń jò tàbí bíréèkì ń di ibẹ̀ mú tàbí béárìn ti ń lọ. Ẹ má ṣe tẹ̀ síwájú títí mẹkáníìkì yóò fi mọ èyí tó jẹ́.